Ọfà Tí Ó Wọ́ Kì Í Ṣe Igi Ìdáná

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kéré lójú, ṣùgbọ́n ó tóbi nínú. Ọ̀rọ̀ ọfà ni. Kì í ṣe ọfà inú òwe, kì í sì í ṣe ọfà inú oríkì. Ọfà gan-an ni, èyí tí a fi igi àti irin ṣe, tí a fi ọrun ta. Ohun tí mo fẹ́ bá yín jà lé lórí ni ìwà kan tí ó ti wọ̀ wá lẹ́wù: pé nígbà tí ọmọ wa bá ṣe ọfà tí kò gún, a ó sọ ọ́ sínú iná, a ó sì fi owó ra èyí tí kì í ṣe ọfà rárá dípò rẹ̀.

Ẹ wo ọjọ́ àjọ̀dún ní ìlú yìí. Bí èrò ti ń gòkè láti Ọjà'ba lọ sí Màpó, tí àwọn mìíràn ń gba Bẹẹrẹ bọ̀, tí àwọn mìíràn ń ti Bẹ́yẹrunkà jáde, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ tí a wọ̀ ní aṣọ ọdẹ, tí wọ́n gbé ọrun kọ́ èjìká, tí apó sì wà lẹ́yìn wọn. Ẹ fa ọfà kan yọ nínú apó náà kí ẹ wò ó. Igi lásán tí a fi ọ̀dà kùn ni. Orí rẹ̀ jẹ́ páálí tí a kùn bí fàdákà. Kò sí kòtò ní ìdí rẹ̀ tí ọṣán lè wọ̀. Òmíràn tilẹ̀ jẹ́ ike tí ó ti òkè òkun wá. Bí a bá ní kí ọmọ náà ta á, iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò bọ́ sí. Ǹjẹ́ àṣà ni a ń gbé kiri yìí, tàbí òkú àṣà?

Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni: ẹni tí ó mọ àtúnṣe iṣẹ́ ni ó ni iṣẹ́. Ẹni tí ó mọ kìkì bí a ti ń rà á, àlejò ni nínú ilé baba rẹ̀.

Àwọn kan yóò dá mi lóhùn pé, "Tíṣà, ayé ọfà ti lọ, ìbọn ti gba ipò rẹ̀ láti ayé àwọn baba wa." Òtítọ́ ni pé ó ti lọ lójú ogun. Ogun Kírìjí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí a sì fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà rẹ̀ ní 1886, ìró ìbọn ni a gbọ́ pé ó fún un ní orúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Nígbà tí Aláàfin Awólẹ̀ fẹ́ gégùn-ún fún àwọn tí ó dìtẹ̀ mọ́ ọn, ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún, kì í ṣe idà ni ó mú lọ́wọ́ jáde. Ọfà mẹ́ta ni, àti àwo amọ̀ kan. Ó ta ọ̀kan sí àríwá, ó ta ọ̀kan sí gúúsù, ó ta ọ̀kan sí ìwọ̀ oòrùn, lẹ́yìn náà ó fọ́ àwo náà mọ́lẹ̀. Nígbà tí Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ṣubú ní Ìlọrin, ìtàn sọ pé ọfà àti ọ̀kọ̀ tí ó gún un lára pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òkú rẹ̀ fi dúró lórí wọn, tí kò lè balẹ̀. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil gbé ọrun àti ọfà Ọ̀ṣọ́ọ̀sì lọ pẹ̀lú wọn, títí di òní olónìí "ofá" ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Àlùfáà ni mí, n kì í bọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Yorùbá ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣé kí ará Brazil máa pe ọfà ní orúkọ rẹ̀, kí ọmọ Ọjà'ba má sì mọ bí a ti ń tọ́ ọ? Ìbọn lè gba ogun lọ́wọ́ ọfà. Ta ni ó ní kí ó gba ọgbọ́n ọwọ́ lọ́wọ́ wa?

Mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n ti ní kí àwọn ọmọ ọdún méjìlá sí mẹ́tàlá ṣe ọfà wá láti ilé fún ìfihàn iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn ọmọ ṣe é. Díẹ̀ gún, ọ̀pọ̀ wọ́ bí ejò. Olùkọ́ tí ó ń gba iṣẹ́ náà kó àwọn tí kò dára jọ, ó ṣẹ́ wọn lórí orúnkún lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọ òdo sí iwájú orúkọ àwọn tí ó ni wọ́n, ó sì ní kí wọ́n lọ ra ti ọjà wá. Ní ọjọ́ ìfihàn, ọfà tí ó gba ẹ̀bùn kìíní ni èyí tí a kùn ní àwọ̀ mẹ́ta, tí kò lè fò.

Kí ni àwọn ọmọ náà kọ́? Wọ́n kọ́ pé àṣìṣe ni òpin iṣẹ́. Wọ́n kọ́ pé owó ni a fi ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà ní ọjọ́ náà, orí ọmọ sì wọ́. Dípò kí ó tún un ṣe, ó bẹ́ orí náà.

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ariwo lásán ni mo ń pa, ẹ jẹ́ kí a yẹ àwọn àṣìṣe náà wò níkọ̀ọ̀kan, kí a rí i bóyá ó tọ́ kí a ṣẹ́ ọfà nítorí wọn.

Èkíní ni ọ̀pá tí ó wọ́. Ẹni tí ó bá ń retí pé kí ọ̀pá ti inú igbó wá ní gígún yóò retí títí. Ní tútù ni a ń gé e. A ó di ọ̀pọ̀ pọ̀ ní ìdì kan, a ó fi okùn so wọ́n gírígírí, a ó sì gbé wọn sí abẹ́ òrùlé níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Níhìn-ín ni àṣìṣe ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀: wọ́n gé e láàárọ̀, wọ́n sá a sí oòrùn lọ́sàn-án, ó là lálẹ́. Bí ó bá gbẹ tán tí ó sì wọ́ síbẹ̀, iná ni àtúnṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe iná ìdáná. Ẹ gbé ọ̀pá náà sí ojú kan, kí ẹ di ojú kejì, ẹ ó rí ibi tí ó tẹ̀ sí. Ẹ fi òrí díẹ̀ pa ibẹ̀, ẹ máa yí i lókè ẹyin iná tí kò ní ọwọ́, títí yóò fi gbóná dé inú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí òdìkejì, kí ó kọjá gígún díẹ̀, nítorí yóò padà sẹ́yìn. Ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀ títí yóò fi tutù. Bí ó bá jẹ́ ọparun, àárín oríkèé méjì ni a kọ́kọ́ ń tọ́, lẹ́yìn náà oríkèé fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá kánjú tí ó jẹ́ kí ara rẹ̀ dúdú ti sun ún. Yóò kán bí a bá ta á. Sùúrù ni gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀.

Èkejì ni irin tí kò jókòó dáadáa. Bí irin bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ó ti wù kí ọ̀pá gún tó, ọfà náà yóò máa mì lójú ọ̀nà. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: ẹ fi ẹnu irin lé orí èékánná àtàǹpàkò, ẹ fi ọwọ́ kejì yí ọ̀pá bí òkòtó. Bí ó bá yí jẹ́jẹ́, ó tọ́. Bí ó bá ń gbọ̀n, irin wọ́. Oje igi tí a fi lẹ̀ ẹ́ yóò rọ̀ bí a bá mú un sún mọ́ iná; a ó tọ́ irin náà, a ó jẹ́ kí ó tutù, a ó tún un yí wò. Bí ó bá ṣe pé ẹnu ọ̀pá ni ó là nígbà tí a ń ti ìrù irin bọ inú rẹ̀, ẹ gé ibi tí ó là kúrò pátápátá, ẹ fi okùn tí a fi ìda oyin pa tàbí iṣan ẹran wé ẹnu tuntun náà yíká, kí ẹ tó tún ti irin bọ̀ ọ́. Wíwé ni ó ń ṣáájú títìbọ̀. Ohun tí ọmọ náà kò mọ̀ kò ju èyí lọ, alágbẹ̀dẹ tí ó bá wà nítòsí ìbá sì ti sọ fún un kí iná ẹwìrì tó kú. Ọfà náà yóò kúrú ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ fún ọmọ tí apá rẹ̀ kúrú. Ẹ má ṣe fún ẹni tí apá rẹ̀ gùn, kí ó má baà fà á kọjá ọrun kí ó sì ta ọwọ́ ara rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni kòtò ìdí ọfà, níbi tí ọṣán ń wọ̀. Bí ó bá há jù, ọfà kò ní fi ọṣán sílẹ̀ bí ó ti yẹ, ìdí rẹ̀ sì lè là. Bí ó bá gbòòrò jù, ọfà yóò já bọ́ kí a tó ta á, ọṣán yóò sì gbá òfo. Ọrun tí ó gbá òfo lè kán. Èyí tí ó há, ẹ fi ewé ìpín ha inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí ó gbòòrò, ẹ má fọwọ́ kan ọfà rárá. Ọṣán ni kí ẹ fi òwú wé níbi tí ọfà ń jókòó sí, títí yóò fi nípọn tó. Ẹ ṣe àkíyèsí ọgbọ́n yìí, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ìlú: nígbà mìíràn àṣìṣe a máa wà lára ohun kan, kí àtúnṣe rẹ̀ wà lára èkejì.

Ẹ̀kẹrin ni ó ń rú àwọn ọ̀mọ̀wé lójú jù lọ. Ọ̀pá gún, irin tọ́, síbẹ̀ ọfà kò lọ sí ibi tí a fojú sùn. Ọmọ yóò ní ojú òun ni kò dára. Ìyá rẹ̀ yóò ní ọwọ́ ayé ni. Kì í ṣe ojú, kì í ṣe ayé. Nígbà tí ọṣán bá ti ọfà, ọ̀pá rẹ̀ a máa tẹ̀, a sì máa nà padà bí ẹja tí ó ń lúwẹ̀ẹ́, kí ó lè gba ẹ̀gbẹ́ igi ọrun kọjá. Bí ọ̀pá bá le jù fún agbára ọrun náà, kì í tẹ̀ tó. Bí ó bá rọ̀ jù, a tẹ̀ rékọjá. Fún ẹni tí ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún fa ọṣán, tí ó sì gbé ọfà sí apá òsì ọrun, èyí tí ó le yóò yà sí òsì, èyí tí ó rọ̀ yóò yà sí ọ̀tún. Èyí tí ó le, bí ó bá jẹ́ igi, ẹ fi ọ̀bẹ fá ara rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi ewé ìpín dán an. Tàbí kí ẹ fi irin tí ó wúwo díẹ̀ sí i. Èyí tí ó rọ̀, ẹ gé e kúrú díẹ̀ láti iwájú, tàbí kí ẹ fi irin tí ó fúyẹ́ sí i. Ọmọ tí ó bá ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa agbára àti ìwúwo tí olùkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì yóò fi ọ̀sẹ̀ kan kọ sójú pátákó.

Ẹ̀karùn-ún ni ìyẹ́. Ìyẹ́ apá ọ̀tún ẹyẹ àti ti apá òsì kì í gbé ara ọfà kan. Ọ̀kan fẹ́ yí i síhìn-ín, èkejì fẹ́ yí i sọ́hùn-ún. Ẹ yọ èyí tí ó ń ṣàtakò nìkan, kí ẹ fi irú ti àwọn ìyókù rọ́pò rẹ̀. Èyí tí ó wó, ẹ gbé e sí ojú ooru omi tí ó ń hó, yóò dìde. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú: ọ̀pọ̀ ọfà àtijọ́ ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kò ní ìyẹ́ rárá. Ẹni tí ó ti inú ìwé òyìnbó nìkan mọ ọfà yóò yára pe èyí ní àṣìṣe. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá fífúyẹ́, irin wíwúwo níwájú, àti ìtòsí ẹran ni ó ń mú irú ọfà bẹ́ẹ̀ lọ tààrà. Ọdẹ tí ó mọ bí a ti ń yọ́ sún mọ́ ẹran kò wá ọfà tí yóò fò láti Màpó dé Bẹẹrẹ. Kí a tó pe nǹkan ní àṣìṣe, ẹ jẹ́ kí a bèèrè ohun tí a ṣe é fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a má sì ṣe fi orúkọ àṣà bo àṣìṣe. Ìyẹ́ tí kò sí nítorí pé oníṣẹ́ kò fẹ́ ẹ, ọgbọ́n ni. Ìyẹ́ tí ó já bọ́ tí a kò lẹ̀ mọ́, ọ̀lẹ ni.

Ẹ̀kẹfà nìkan ni mo fọwọ́ sí pé kí a ṣẹ́: ọ̀pá tí ó là ní ìbú tàbí ní gígùn lára. Kí a tó ta ọfà èyíkéyìí, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ lẹ́bàá etí. Bí ẹ bá gbọ́ tí ó ké, tàbí tí ẹ rí ojú ẹ̀là, kò sí oje tàbí okùn tí ó lè wò ó sàn. Bí ọṣán bá tì í, yóò fọ́, èérún rẹ̀ yóò sì wọ ọwọ́ tí ó di ọrun mú. Irú èyí ni kí ẹ ṣẹ́ sí méjì kí ọmọ mìíràn má baà mú un. Kí ẹ yọ irin rẹ̀, kí ẹ fi sára ọ̀pá mìíràn. Nínú èyí tí ó kú pàápàá, irin kì í kú.

Ẹ kà á: àṣìṣe mẹ́fà, ọ̀kan ni ikú, márùn-ún ni ìwòsàn. Olùkọ́ yẹn ṣẹ́ gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ mi kan ẹ̀yin àgbà iṣẹ́ náà pẹ̀lú. Bí ọmọ bá bi yín léèrè, ẹ a ní "Awo ni." Oró ọfà ni a lè pè ní awo, kí ó sì máa jẹ́ awo lọ, nítorí a kò fẹ́ kí ọwọ́ ọmọdé kankan kàn án láé. Ṣùgbọ́n yíyí ọ̀pá lókè ẹyin iná, awo wo ni ó wà níbẹ̀? Bí alágbẹ̀dẹ kan bá kú, kì í ṣe owú rẹ̀ nìkan ni ó ń dákẹ́. Orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan lára ọfà a máa bá a lọ sí ibojì. Àwọn ọmọ wa mọ orúkọ gbogbo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè ọṣán lọ́wọ́ wọn, wọn yóò gbójú sókè wo oòrùn.

Àwọn tí ó rò pé ọ̀rọ̀ ọfà kò yẹ ọ̀mọ̀wé, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo òkè òkun tí wọ́n fẹ́ràn. Ní 1545, nígbà tí ìbọn ti ń lé ọrun kúrò lójú ogun, Roger Ascham, olùkọ́ ní Cambridge, ẹni tí ó padà wá kọ́ Elizabeth kí ó tó di ọbabìnrin, kọ ìwé Toxophilus lórí ọrun àti ọfà. Nínú rẹ̀ ó yẹ igi, ìyẹ́ àti irin ọfà wò níkọ̀ọ̀kan. Kò sì kọ ọ́ ní Látìnì bí àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà. Èdè ìyá rẹ̀ ni ó fi kọ ọ́, Ọba Henry Kẹjọ ni ó sì kọ ọ́ fún. Ní ilẹ̀ Korea, ìjọba ti ka iṣẹ́ ṣíṣe ọrun àti ọfà mọ́ ogún orílẹ̀-èdè láti 1971. Ní Paris ní 2024, àwọn obìnrin ilẹ̀ náà gba wúrà ẹgbẹ́ tafàtafà ní Òlíḿpíìkì fún ìgbà kẹwàá léraléra láti 1988. N kò sọ pé nítorí oníṣẹ́ ọfà nìkan ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé orílẹ̀-èdè tí ó ń borí ayé kò tijú iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba rẹ̀.

Kí a má sì rò pé àtúnṣe ṣàjèjì sí ilẹ̀ yìí. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó ṣe olùkọ́ ní Arẹ̀mọ ní Ìbàdàn, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Ìwé tí ó fi ọwọ́ kọ náà sọnù lẹ́yìn tí a fi ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun fúnra rẹ̀ sì kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kò ní ó ti bàjẹ́. Ó kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́kù jọ, ó tún ìwé náà tò, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Ìtàn ọfà mẹ́ta Awólẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, inú ìwé àtúnṣe yẹn ni a ti ń kà á. Ká ní ó ṣe bí olùkọ́ tí ó ń ṣẹ́ ọfà, kí ni à bá máa kà lónìí?

Ǹjẹ́ kí ni kí a ṣe? Mo bẹ̀ yín ní ohun mẹ́ta. Ẹ̀yin Ìjòyè, ẹ pàṣẹ pé ní àjọ̀dún èyíkéyìí tí ẹ bá jókòó sí, ọfà tí kò lè fò kò gbọdọ̀ wọ apó. Kí ẹ sì fi ẹ̀bùn lélẹ̀, kì í ṣe fún ọfà tí ó lẹ́wà jù, bí kò ṣe fún ọmọ tí ó mú ọfà tí ó ti wọ́ wá, tí ó tún un ṣe lójú gbogbo ènìyàn, tí ó sì fi ba ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbi tí a ti lé èrò kúrò. Ẹ̀yin Mọ́gàjí, ẹ wá alágbẹ̀dẹ àti ọdẹ tí ó kù ní agbo ilé yín, ẹ mú wọn jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ ní Sátidé kan lóṣù, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ wọn. A kò gbọdọ̀ fi ẹnu lásán gba ọgbọ́n lọ́wọ́ tálákà. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ pín máàkì iṣẹ́ ọwọ́ sí méjì: ìdajì fún ohun tí ọmọ ṣe, ìdajì fún àṣìṣe tí ó rí tí ó sì tún ṣe. Ẹgbẹ́ wa pẹ̀lú lè tẹ orúkọ gbogbo ẹ̀yà ọfà àti ọrun jáde nínú ìwé yìí kí ọdún tó yí, láti ẹnu àwọn tí ó ṣì mọ̀ wọ́n.

Alágbẹ̀dẹ tí ó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ohun tí èmi fẹ́ fà yọ ni ọmọ tí kì í sá fún àṣìṣe ara rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọmọ tí ọfà rẹ̀ wọ́ ní agbo ilé yín, ẹ má ṣe kọ́kọ́ na ọwọ́ sí àpò owó. Ẹ bá a wá ẹyin iná, kí ẹ sì jókòó tì í.